Aṣọ Ijó Màmá Shigeno

24 Oṣù Keje

Ìdánwò parí lánàá. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ kúrò ní Sendai, mo pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì dé Tochinai kí ilẹ̀ tó ṣú. Owó ọkọ̀ ti tún lọ sókè. Búrẹ́dì kan ni mo jẹ ní gbogbo ọ̀nà. Òjò ń rọ̀ ní ibùdókọ̀. Agbòjò méjì ni Màámi mú wá pàdé mi, ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bàámi pè láti Nagoya, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù ọkọ̀ wọn. Màámi gbé fóònù sí àárín tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Àǹtí Fusae, àbúrò Bàámi, ti wà níbẹ̀ pẹ̀lú Hayato ọmọ wọn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló wà nílẹ̀: ta ni yóò wọ aṣọ Màmá àgbà ní alẹ́ kejì ijó. Oṣù kejì ni Màmá àgbà kú. Obon yìí, ọdún àwọn òkú, ni wọ́n máa kọ́kọ́ padà wálé láti ọ̀run, ilé tí irú rẹ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ sí gbọ́dọ̀ rán obìnrin kan wọ agbo pẹ̀lú aṣọ òkú náà lọ́rùn àti ìbòjú dúdú lójú.

Àǹtí Fusae ní, "Kò lè jẹ́ èmi. Ilé ọkọ mi ni mò ń jó fún. Ṣé kí n pín ara mi sí méjì ni?"

"Ẹ má wo ọ̀dọ̀ mi o," ni Màámi wí. "Láti ìgbà tí mo ti wọ ìlú yìí, mi ò tíì mọ ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀."

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni," ni Hayato wí.

"Ìwọ, panu mọ́," ni ìyá rẹ̀ wí.

Ohùn kankan ò ti inú fóònù jáde. Bí Bàámi ṣe máa ń ronú nìyẹn. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ní, "Màá ṣe é." Mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́. Ó jọ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gùn jù fún mi.

Hayato yíjú sí mi. "Kozue? Kozue tó yí sódì?"

Ọdún tí mo parí ilé ẹ̀kọ́ kékeré ni mo yí sódì nínú agbo, tí mo sì fi apá gbá fìlà koríko ìyàwó oníṣègùn ehín sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, olórin agbo fi mí kọrin yẹ̀yẹ́. Mi ò wọ agbo mọ́ látìgbà náà.

Bàámi ní kí n máa jẹun dáadáa. Wọ́n pa fóònù.

25 Oṣù Keje

Òjò. A gbé aṣọ náà jáde nínú àpótí. Òórùn kánfọ̀ gba gbogbo ilé.

Ègé sílíkì tí àwọn obìnrin ìlú fún Màmá àgbà ni wọ́n rán pọ̀, kò sí èyí tó jọ èkejì. Àǹtí Fusae ń fi ìka tọ́ka sí wọn bí ẹni ń ka ojúlé ní àdúgbò. "Èyí, ilé oníwàrà sóyà. Èyí, ìyá Konno, kí wọ́n tó kú. Èyí tó ní òdòdó yìí, obìnrin kan tó ti kó lọ sí Tokyo. Èyí àlùkò lábẹ́ apá yìí, Màmá Tetsu."

Màámi gbójú sókè. "Wọn ò tú ti Màmá Tetsu kúrò? Pẹ̀lú gbogbo ìjà yẹn?"

"Tú u kẹ̀? Tẹ́ ẹ bá tú u, apá yẹn máa já."

Aṣọ náà bá mi mu. Mo fẹ́ kó má bá mi mu.

27 Oṣù Keje

Ìdánrawò àkọ́kọ́ ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́. Bàbá Konno tó ń ta ọtí ìrẹsì ló ń kọ́ wa. Hayato wà lórí pèpéle pẹ̀lú àwọn onífèrè.

"Gbé ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ gbé omi fún àgbà," ni Bàbá Konno wí. "Omi yẹn ti dànù. Tún un gbé."

Mo tún un gbé.

"Ó ti tún dànù."

Nígbà tí a sinmi, Hayato sọ̀ kalẹ̀ wá. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé o mọ̀ pé ètè rẹ ń mì? Ò ń ka ẹsẹ̀."

"Mi ò kà á."

"Ó dáa, ‘mẹ́ta’ tí mo gbọ́ yẹn, orúkọ ta ni?"

Bàbá Konno ní ìbòjú kò ní jẹ́ kí wọ́n rí ètè mi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn mi náà ń kà á, ìbòjú ò sì bo ẹ̀yìn.

28 Oṣù Keje

Orúnkún ń ro mí. Oòrùn ti yọ.

30 Oṣù Keje

Iṣẹ́ tí olùkọ́ wa Muroi fún wa fún ìsinmi ni ká kọ nípa àṣà kan ní ìlú wa, ká sì dáhùn ìbéèrè kan: kí ló túmọ̀ sí fún àwọn tó ń ṣe é? Mo yan ijó kí n má baà wá iṣẹ́ méjì. Mo ti ń bi àwọn èèyàn.

Bàbá Konno: "Òógùn." Wọ́n nu iwájú orí. "Àti ọtí tí mò ń tà lẹ́yìn òógùn."

Ìyá Kikue, oníwàrà sóyà: "Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ẹni tí ìbàdí ń dùn tí kò sọ fáwọn ọmọ ẹ̀."

Hayato: "Àwọn ọmọbìnrin. Fìlà bò wọ́n lójú, torí náà gbogbo wọn pátá ló rẹwà."

Mo bá Àǹtí Fusae nílé ìdáná. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n wá ní, "Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ, ìyá ọkọ mi kì í bá mi sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ iyọ̀, ọkọ mi ni wọ́n máa sọ fún. Lọ́jọ́ ijó, wọ́n fà mí wá síwájú ara wọn nínú agbo. Wọn ò sọ nǹkan kan. Nígbà tá a délé, wọ́n ní, ‘Ṣé o máa mu tíì?’"

"Kí ló wá túmọ̀ sí, Àǹtí?"

"Mo mu tíì náà."

Mo ti ka ohun tí wọ́n sọ lọ kà á bọ̀. Kò sí èyí tó bá èkejì mu. Bóyá mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ti kọ ojú ewé mẹ́wàá.

2 Oṣù Kẹjọ

Ooru. Bàrà olómi ti di ẹgbẹ̀rún méjì yẹ́nì, Màámi ra ìlàjì.

A pàdé Màmá Tetsu lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé agbọ̀n ewébẹ̀, wọ́n wọ bàtà rọ́bà oko ápù wọn. Màámi kí wọn. Màmá Tetsu wo bàrà náà, wọ́n kọjá.

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọwọ́ wọn ni mo ti ń gba ápù jẹ. Lẹ́yìn náà ni ìlú gbé bẹ́ǹṣì sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n sì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń wá wòran. Màmá àgbà ni alága ẹgbẹ́ àwọn obìnrin nígbà náà, wọ́n fọwọ́ sí i, torí pé ilé àlejò méjì ti kógbá sílé. Màmá Tetsu dìde ní ìpàdé, wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn kó bọ́ sínú agbo, àwọn kì í ṣe ẹja inú gíláàsì. Màmá àgbà dá wọn lóhùn pé ẹni tí kò bímọ kò lè mọ̀ pé ìlú máa ń tán.

Gbogbo ìpàdé ló gbọ́ ọ. Màmá Tetsu kò bímọ.

Látìgbà náà, Màmá Tetsu kì í jó ju alẹ́ kìíní lọ, Màmá àgbà kì í jó ju alẹ́ kejì lọ. Ní alẹ́ kẹta, àwọn méjèèjì á wà nílé wọn. Kò sẹ́ni tó pín in fún wọn bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsìnkú, Màmá Tetsu fi ápù ránṣẹ́. Àwọn fúnra wọn ò wá.

5 Oṣù Kẹjọ

Bàbá Konno ní omi náà kò dànù mọ́, ṣùgbọ́n mò ń gbé e bí ẹni tó jí i.

Mo ra sálúbàtà ijó, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin yẹ́nì ó lé díẹ̀. Ó ń bó mi lẹ́sẹ̀. Mò ń wọ̀ ọ́ fọ abọ́ kó lè rọ̀.

7 Oṣù Kẹjọ

A lọ fọ ibojì. Mo bu omi, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ orúkọ wọn: Shigeno. Òkúta náà gbóná. Àwọn kòkòrò inú igi ń han bí ẹ̀rọ tó fẹ́ bàjẹ́.

Màmá Tetsu wà ní ìlà kẹta, wọ́n ń fọ ti ọkọ wọn. Wọn kò wo ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo padà lọ mú korobá tí mo gbàgbé, wọ́n ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ mi. Mo wò ó pé bóyá mo ti tẹ nǹkan mọ́lẹ̀. Mi ò tẹ nǹkan kan.

10 Oṣù Kẹjọ

Mi ò sùn dáadáa. Ọ̀rọ̀ kan ti wọ̀ mí lórí.

Ní oṣù kejì, èmi àti Àǹtí Fusae la wọ aṣọ funfun fún Màmá àgbà kí wọ́n tó gbé wọn sínú pósí. Mo fẹ́ fi apá òsì aṣọ lé apá ọ̀tún ní àyà wọn bí mo ṣe máa ń wọ tèmi. Àǹtí Fusae di ọwọ́ mi mú. "Apá ọ̀tún lókè. Ti òkú ni." A sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ní alẹ́ kejì ijó, ẹnikẹ́ni kò ní pè mí ní Kozue. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀. Aṣọ Màmá àgbà ló máa wà lára mi, àyè Màmá àgbà ni màá dúró sí. Apá wo ló yẹ kó wà lókè? Tí mo bá wọ̀ ọ́ bí alààyè, bóyá mo ti sọ pé èmi ni mo wá jó, kì í ṣe àwọn. Tí mo bá wọ̀ ọ́ bí òkú, bóyá ó ti pọ̀ jù.

Mo wá a lórí fóònù. Kò sí nǹkan kan nípa Tochinai.

Mo lọ bá Àǹtí Fusae kí n lè bi wọ́n. Wọ́n ń di ẹrù fáwọn àlejò ilé ọkọ wọn. Wọ́n ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Ṣé sálúbàtà máa ń rọ̀ tó bá yá?" Wọ́n ní ó máa ń rọ̀.

Ó ti ń dà bí ìbéèrè tí ọmọ ilé yìí yẹ kó mọ ìdáhùn rẹ̀. Màámi ò lè mọ̀ ọ́n. Bàbá Konno, ọkùnrin ni wọ́n. Mo tún un rò nígbà tí mò ń wẹ̀, ó sì jọ pé ti òkú ló bọ̀wọ̀ fún wọn jù.

13 Oṣù Kẹjọ

Bàámi dé láàárọ̀, wọ́n sùn títí di ọ̀sán. A dáná sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn òkú lè rí ọ̀nà wálé. Mo fi igi ṣe ẹsẹ̀ fún apálá kó di ẹṣin tí Màmá àgbà máa gùn wálé, mo sì fi ìgbá ṣe màlúù tí wọ́n máa fi lọ. Ẹṣin mi kò dúró dáadáa. Bàámi tún ẹsẹ̀ kan ṣe fún un.

A jẹ núdù tútù. A gbé ti Màmá àgbà síwájú pẹpẹ àwọn òkú ilé wa.

14 Oṣù Kẹjọ

Alẹ́ kìíní. Mo dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, mo ń wòran. Wọ́n ti da iyanrìn sójú ọ̀nà, iná igi ń jó ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Onodera tó ń pín lẹ́tà ni olórin lọ́dún yìí:

"Akọ̀wé owó orí ra irun tuntun, ó dé e sórí;
afẹ́fẹ́ gbé e lọ, kò sì já rìsíìtì fún un."

Akọ̀wé owó orí wà nínú agbo. Fìlà koríko bò ó lójú, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn wo ibi tó wà. Ó ń jó lọ.

Màmá Tetsu kọjá níwájú mi nínú aṣọ alábùlẹ̀ tiwọn, fìlà bò wọ́n dé imú. Mo mọ̀ wọ́n nítorí pé ọwọ́ wọn kì í pẹ́ lókè. Wọ́n á gbé e dé ibi tó yẹ, wọ́n á sì gbà á padà, bí ẹni tó ní iṣẹ́ mìíràn láti ṣe. Mo wá ègé aṣọ Màmá àgbà lára aṣọ wọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo ni.

Ọ̀la ni.

16 Oṣù Kẹjọ, àárọ̀

Mo fẹ́ kọ ti àná bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Ẹni tó bá máa wọ aṣọ òkú, òun nìkan ló máa ń wọṣọ, nínú yàrá pẹpẹ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. Mo wọ aṣọ náà. Mo di apá ọ̀tún lé apá òsì. Mo we ọ̀já. Mo fi ìbòjú dúdú bo orí dé àyà, mo sì gba ilẹ̀kùn ọgbà jáde. Màámi wà ní ilé ìdáná. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe.

Mo wọ agbo lẹ́yìn Ìyá Kikue oníwàrà sóyà, nítorí pé àyè ilé wa nìyẹn. Inú ìbòjú gbóná. Ihò ojú méjèèjì kò fi nǹkan púpọ̀ hàn mí ju ẹ̀yìn Ìyá Kikue àti iná lọ. Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mo gbé ọwọ́. Mi ò kà á. Fún ìgbà díẹ̀ mo rò pé ó ń lọ dáadáa.

Mi ò tíì dé ìdajì ọ̀nà nígbà tí mo ṣàkíyèsí pé ẹsẹ̀ tó wà lẹ́yìn mi ti jìnnà sí mi. Mo yí gẹ́gẹ́ bí ijó ṣe ní kí n yí, mo sì rí àyè ńlá tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Obìnrin tó yẹ kó wà lẹ́yìn mi ń jó níbi tó wà, kò súnmọ́ iwájú. Ìyá Kikue náà yí, wọ́n rí àyà mi, ọwọ́ wọn sì dúró sókè. Wọ́n ṣí ẹnu. Wọ́n tún un pa dé. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ bá mi sọ̀rọ̀.

Mo ń jó lọ. Àwọn àgbà tó wà lórí bẹ́ǹṣì ìlú dá abẹ̀bẹ̀ dúró. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò. Láti orí pèpéle, fèrè kan ta kókó, mo sì mọ̀ pé ti Hayato ni. Mo ti wá mọ̀ nígbà náà pé aṣọ ni. Mi ò mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe. Tí mo bá jáde, kò sẹ́ni ilé wa nínú agbo. Tí mi ò bá jáde, òkú ló ń jó láàárín ìlú, gbogbo wọn sì ń wò ó. Mo rántí fìlà ìyàwó oníṣègùn ehín. Mo rò pé ó dáa kí ilẹ̀ lanu.

Ọwọ́ kan mú mi ní apá. Ó fà mí jáde láàárín iná méjì lọ sẹ́yìn àwọn àgbá ọtí ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù Konno. Màmá Tetsu ni. Aṣọ ilé ló wà lára wọn, épírọ̀nì, bàtà rọ́bà. Wọn kì í wá ní alẹ́ kejì. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ti pẹ́ tó níbẹ̀.

"Ta ló kú?"

Ẹni tó wọ ìbòjú kì í sọ̀rọ̀.

"Mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Ta ló kú?"

"Màmá àgbà."

"Ṣé ìwọ ni?"

"Rárá, Mà."

"Kí ló wá dé tó o fi wọṣọ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé sínú pósí? Ó kù díẹ̀ kí Kikue dákú."

"Mo rò pé nítorí pé àyè wọn ni mo dúró sí..."

"O rò ó. O ò béèrè, o rò ó. Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní Sendai nìyẹn?" Wọ́n ti tú ọ̀já mi kí wọ́n tó sọ ìyẹn tán. "Na apá. Na apá, mo ní! Gbọ́. Shigeno ò rán ẹnikẹ́ni pé kó bá òun kú. Ó ti ṣe ìyẹn fúnra ẹ̀. Ijó ni kò lè jó mọ́. Ìyẹn nìkan ló ṣẹ́kù tó o lè bá a ṣe."

Wọ́n fa apá òsì aṣọ wá sókè, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ mi láyà bí ẹni ń lẹ ìwé mọ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n na ọwọ́ kọjá abẹ́ apá mi láti we ọ̀já, ọwọ́ wọn dúró. Ègé àlùkò ni.

"Kò tú u."

"Àǹtí Fusae ní apá náà máa já."

"Alágídí," ni wọ́n wí. Wọ́n fún ọ̀já náà débi tí mi ò lè mí dáadáa. "Padà wọlé."

"Ẹsẹ̀ mi ti dàrú, Mà."

"Ta ni tiẹ̀ ò dàrú lálẹ́ yìí? Tẹ̀ lé mi."

Wọ́n wọ agbo níwájú mi, láàárín èmi àti Ìyá Kikue, pẹ̀lú épírọ̀nì wọn. Wọn ò dé fìlà. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ẹni tí kò múra kò gbọdọ̀ wọ agbo tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bàbá Konno wò wọ́n láti ẹsẹ̀ pèpéle, wọ́n yíjú sí iná, wọ́n ń fi igi kún un. Àyè tó wà lẹ́yìn mi dí.

Mo tẹ̀ lé ọwọ́ wọn. Wọ́n á gbé e, wọ́n á gbà á padà. Ìgbà kan mo fẹ́ yí sódì. Màmá Tetsu kò wẹ̀yìn, wọ́n kàn na ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn, mo sì bá a pàdé, mo yí síbi tó yẹ. Nígbà tí ìlù dákẹ́, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì pàtẹ́wọ́.

"Ẹ tiẹ̀ wò wọ́n," ni Màmá Tetsu wí, bí ẹni ń bá iyanrìn sọ̀rọ̀. "Wọ́n ṣì jókòó."

Wọ́n lọ sílé láìkí ẹnikẹ́ni.

16 Oṣù Kẹjọ, ọ̀sán

Màmá Tetsu wá sílé wa kí a tó palẹ̀ oúnjẹ àárọ̀ mọ́. Wọ́n gbé ápù tútù wá, èyí tó kọ́kọ́ pọ́n, mẹ́rin nínú ìwé ìròyìn. Màámi ń sáré wá ìjókòó. Màmá Tetsu kò jókòó. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú pẹpẹ, wọ́n wo fọ́tò Màmá àgbà fún ìgbà pípẹ́.

"Ọmọ rẹ kò mọ aṣọ wọ̀," ni wọ́n sọ fún fọ́tò náà.

Bàámi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ jẹ bàrà díẹ̀."

"Bàrà tí wọ́n ń tà ní ẹgbẹ̀rún méjì yẹn? Wọ́n rẹ́ yín jẹ." Ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì tu kóró rẹ̀ sí ọgbà.

17 Oṣù Kẹjọ

Alẹ́ kẹta lánàá. Mo wọ aṣọ òwú aláró tèmi, láìsí ìbòjú. Mo wọ̀ ọ́ bó ṣe yẹ. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹrin.

Màmá Tetsu wà nínú agbo. Àwọn èèyàn ń wò wọ́n, wọ́n sì ń ṣe bí ẹni pé wọn ò wò wọ́n. Mò ń dúró de orin tèmi. Gbogbo ìgbà tí Onodera bá mí sínú, màá tẹrí ba. Nígbà tó yá, ó kọ ọ́:

"Ìyá kan fi épírọ̀nì jó lójúde;
ọbẹ̀ rẹ̀ náà ń jó nílé, kò sẹ́ni tó dá a dúró."

Gbogbo agbo rẹ́rìn-ín. Màmá Tetsu kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ọwọ́ ga ju bí wọ́n ṣe máa ń gbé e lọ. Tèmi kò wá.

Hayato sọ fún mi láàárọ̀ yìí. "Màmá Tetsu lọ ká Onodera mọ́lé. Wọ́n ní tó bá fi ọ́ kọrin, àwọn ò ní gba lẹ́tà lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́ títí tí wọ́n á fi kú. Ó ní, ‘Màmá, orin gbọ́dọ̀ wà o, gbogbo èèyàn ló rí i.’ Wọ́n ní kó kọ tàwọn."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Onodera. Ẹ̀rù ṣì ń bà á."

Mo kọ ìlà kan fún iṣẹ́ olùkọ́ Muroi. Mo pa á rẹ́.

19 Oṣù Kẹjọ

Inú ọkọ̀ tó tẹ̀ lé èyí tí mo fẹ́ wọ̀ ni mo wà. Ó ń mì, ìwé mi ò dára.

Màámi bá mi dé ibùdókọ̀. Òjò fẹ́ rọ̀, wọ́n gbé agbòjò méjì. Màmá Tetsu ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà rọ́bà wọn. Wọ́n na ìwé kan tí wọ́n ká sí mi. Ègé sílíkì wà nínú rẹ̀, àlùkò, ọ̀kan náà pẹ̀lú tabẹ́ apá Màmá àgbà.

Mo tẹrí ba. Mo ní, "Mi ò mọ bí màá ṣe dúpẹ́, Mà."

"Má dúpẹ́. Ẹyọ kan ò lè bo èèyàn. Tó o bá fẹ́ aṣọ tìrẹ, lọ kan ilẹ̀kùn àwọn tó kù. Kì í ṣe kí o jókòó sínú yàrá máa rò ó. O ní ẹnu."

"Lọ́dún tó ń bọ̀, màá..."

"Kikue ti pé ọgọ́rin ọdún," ni Màmá Tetsu wí.

Ọkọ̀ máa dé láìpẹ́. Mo wo Màámi. Wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ mi, wọ́n sì ṣí agbòjò kan fún mi. Mo sáré gba ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù oníwàrà sóyà. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn, mi ò rántí ọ̀rọ̀ tí mo tò sílẹ̀ ní ojú ọ̀nà. Ìyá Kikue yọjú, omi ń kán ní ọwọ́ wọn méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Mà," ni mo wí, "mo wá tọrọ ègé aṣọ."

Mo gbọ́ ọkọ̀ tó wọ ibùdókọ̀ lẹ́yìn mi, mo sì gbọ́ nígbà tó jáde. Ìyá Kikue wò mí láti orí dé sálúbàtà.

"Dúró," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kí n nu ọwọ́ mi."